Láti Porta Nuova Dé Etí Òkun: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹsẹ̀ Rin Palermo Ní Ọjọ́ Kan

Lójú ìta ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Porta Nuova ní ìlú Palermo, ní erékùṣù Sísílì ti orílẹ̀-èdè Ítálì, ère ọkùnrin mẹ́rin wà lára ògiri. Wọ́n ga fíofío, ojú wọn sì fà ro. Moor ni wọ́n, ará Àríwá Áfíríkà. Òmíràn nínú wọn ká ọwọ́ mọ́ àyà, òmíràn kò tilẹ̀ ní apá. Ìṣẹ́gun tí ọba Charles Karùn-ún ṣẹ́gun Tunis lọ́dún 1535 ni wọ́n fi ń ṣèrántí. Ọdún 1583 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ẹnubodè yìí. Ẹ̀tù ìbọn bú gbàmù nínú rẹ̀ ní 1667, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1669. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ojú ọ̀nà òkè wọ ìlú láyé ìgbà náà, ará Áfíríkà tí a ti ṣẹ́gun ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Lọ́dún 1652, ìgbìmọ̀ ìlú Palermo kan náà yan Benedict, ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan tó ti kú, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú láti Áfíríkà, mọ́ àwọn ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú. Aláwọ̀ dúdú ni. Òun ni wọ́n ń képè nínú àdúrà pé kó dáàbò bo ilé àti ọmọ wọn.

Kí ìlú kan ṣe méjèèjì! Ohun tó ń fà mí sí Palermo nìyẹn. Ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà ló ti bẹ̀rẹ̀, Róòmù gbà á, àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́dún 831, àwọn Norman, jagunjagun láti àríwá Faransé, gbà á ní 1072, Jámánì, Faransé àti Sípéènì náà sì jọba níbẹ̀. Ẹni tó bá dé a máa kọ́ tirẹ̀ lé orí ti ẹni tó bá nílẹ̀, àmọ́ kì í wó ti àkọ́kọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò nìyẹn bí ẹ ṣe ń bá mi rìn: ibi tí ti àná ti ń yọjú lábẹ́ ti òní.

Kí ẹ tó gbéra

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìrìn yìí dá lé. Via Vittorio Emanuele ni wọ́n kọ sára àmì òpópónà, àmọ́ Cassaro ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá *al-qasr* ni orúkọ náà ti wá, ó túmọ̀ sí ilé olódi tàbí ààfin. Ó gùn gbọọrọ láti ààfin lókè dé òkun nísàlẹ̀, kò sì tó kìlómítà méjì. Bí a bá ní kí ẹnì kan kàn rìn ín láìyà síbì kankan, ààbọ̀ wákàtí tó o. Ṣùgbọ́n yíyà yẹn gan-an ni adùn rẹ̀, nítorí náà ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò tó pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, wọ́n á wá máa gun òkè nígbà tí oòrùn bá ti gbóná janjan. Bí ẹ bá ti òkè wá, ọ̀nà máa ń rọra sọ̀ fún yín, atẹ́gùn òkun á sì pàdé yín nígbà tó bá ti rẹ̀ yín.

Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún, tàbí ìparí Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá, ló dára jù. Ooru Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ kì í ṣe kékeré, àní fún àwa tí a dàgbà nínú ooru. Afẹ́fẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní *scirocco*. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ sọdá òkun, ó sì máa ń gbé eruku wá. Aṣálẹ̀ yẹn náà ló ń rán ọyẹ́ sí wa nílé, àmọ́ ti wa máa ń mú òtútù òwúrọ̀ dání, tiwọn máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣí ààrò lé ọ lójú. Lọ́jọ́ tó bá ń fẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ máa sá sí.

Bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kó sì lè di ilẹ̀ mú. Òkúta dídán ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí omi bá ta sí i. Ẹ mú aṣọ kan dání tó lè bo èjìká, kí ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì sì kọjá orúnkún. Ìyàwó mi kì í jáde láìsí ìbòrùn ní èjìká rẹ̀, ìbòrùn yẹn ló sì gbà wá ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Owó wẹ́wẹ́ yúrò náà ṣe pàtàkì, torí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké ń gba owó ìwọlé, àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú pópó sì fẹ́ràn owó lọ́wọ́ ju káàdì lọ.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà ló ń tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n tó tún ṣí nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe to ìrìn yìí, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ọ̀sán fi bọ́ sí àárín.

Ní ti bí ẹ ó ṣe débẹ̀: pápákọ̀ òfurufú Palermo wà ní Punta Raisi, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, ó sì tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ àárín ìlú. Orúkọ Giovanni Falcone àti Paolo Borsellino ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ náà, àwọn adájọ́ méjì tí àwọn Máfíà pa lọ́dún 1992. Ẹ ó tún pàdé ọ̀kan nínú wọn níwájú. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yóò nílò físà Schengen.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ààfin ọba, ní òwúrọ̀ kùtù

Ẹ dúró níta Porta Nuova, kí ẹ wo àwọn ère mẹ́rin yẹn dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba abẹ́ ẹnubodè wọlé. Ògiri ńlá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni Palazzo dei Normanni. Àwọn Lárúbáwá ló kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀, àwọn ọba Norman sọ ọ́ di ààfin, lónìí sì rèé, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sísílì ni. Ọjọ́ tí àwọn aṣòfin bá ń jókòó, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ gbogbo iyàrá, nítorí náà ẹ yẹ ojú ìkànnì wọn wò, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ìsìn máa ń wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ààfin láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí bá yín níbẹ̀, kí àwọn tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi ńlá sọ̀ kalẹ̀ tó dé.

Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá ni Cappella Palatina, ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọba Roger Kejì kọ́ fún ara rẹ̀ nínú ààfin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1132, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1140. Gbogbo ara ògiri ni wọ́n fi mòsáíkì bò: gíláàsì àti wúrà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ojú Jésù, ọkọ̀ Nóà, àti Pétérù òun Pọ́ọ̀lù. Ọ̀nà ìṣe àwọn Gíríìkì ti Byzantium ni. Àlejò tó pọ̀ yóò wo ògiri yìí, yóò ya fọ́tò, yóò sì jáde.

Ẹ̀yin, ẹ gbójú sókè. Igi ni wọ́n fi ṣe àjà ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ihò-ihò bí afárá oyin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní mọ́ṣáláṣí àti ààfin àwọn Mùsùlùmí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ló ṣe é. Àwòrán wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan: àwọn onílù àti olórin, ràkúnmí, ẹni tó ń mu, àwọn tó ń ta ayò chess. Lẹ́tà Lárúbáwá sì yí wọn ká. Ojú lásán kò lè rí i tán, nítorí náà ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín fà á sún mọ́ra. Ó tó ìdajì wákàtí kí ẹ fi wo òkè nìkan. Lójú tèmi, kò sí ibi méjì tó dùn ún wò tó èyí nínú gbogbo ìlú náà.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni òkúta kan wà, tí wọ́n fi kọ nípa aago olómi tí Roger ní kí wọ́n ṣe ní 1142. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: Látìn, Gíríìkì àti Lárúbáwá. Ààfin Roger yìí náà ni Muhammad al-Idrisi ti ṣiṣẹ́, onímọ̀ tó parí ìwé ńlá rẹ̀ nípa ayé ní 1154, tòun ti máàpù. Nínú máàpù al-Idrisi, gúúsù ló wà lókè. Áfíríkà ló wà lórí, Yúróòpù wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kàtídírà àti òpó tó ń ka Kùránì

Ẹ padà sójú Cassaro, kí ẹ máa sọ̀ lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kàtídírà yóò fi yọ lọ́wọ́ òsì, pẹ̀lú ọgbà ọ̀pẹ níwájú rẹ̀. Ó tóbi, kò sì jọra délẹ̀, torí oríṣiríṣi ọwọ́ ló ti fọwọ́ kàn án. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀ kí àwọn Lárúbáwá tó dé. Wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí àwọn Norman gba ìlú, ó tún di ṣọ́ọ̀ṣì, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Walter sì kọ́ èyí tí ẹ ń wò yìí ní 1185. Òrùlé rìbìtì tó wà lórí rẹ̀ tilẹ̀ kéré ní ọjọ́ orí, òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n gbé e lé e.

Ẹ má tíì wọlé. Ẹ lọ sí ìloro tó kọjú sí ọgbà náà, kí ẹ wo òpó tó wà lápá òsì. Ẹ wá a dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Ẹsẹ Kùránì ni, láti inú Súrà Al-A'ràf, ẹsẹ 54, tó sọ pé Ọlọ́run ló ń fi òru bo ọ̀sán. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà Kátólíìkì títí di òní olónìí, kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò. Ọmọ Yorùbá tó bá ní Àlàájì àti Díákónì nínú ẹbí kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tí wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Mo gbé ọwọ́ mi lé òpó náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé.

Nínú, ẹ lọ wo ibojì àwọn ọba: Roger Kejì, ọmọ rẹ̀ Constance, Henry Kẹfà ọkọ Constance, àti Frederick Kejì ọmọ wọn. Òkúta pọ́fírì àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni wọ́n fi ṣe wọn. Bí ẹsẹ̀ yín bá lágbára, ẹ san owó kí ẹ gun orí òrùlé. Gbogbo ìlú, òkè àti òkun ni ẹ ó rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oúnjẹ ọ̀sán ní Ballarò

Láti kàtídírà, ẹ sọdá Cassaro, kí ẹ wọ àwọn ojú ọ̀nà tóóró tó wà ní apá gúúsù, àdúgbò Albergheria. Ẹ má da ara yín láàmú nípa máàpù. Etí yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń lọ sókè sódò bí orin, ọjà Ballarò ti dé nìyẹn. *Abbanniata* ni wọ́n ń pè é: ìpolówó ọjà ni, bíi tàwọn ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ọ̀kan ń pe ẹja, èkejì ń pe ọsàn, ohùn wọn sì ń ta ko ara wọn.

Ẹ ó rí ara yín níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Gáḿbíà àti Bangladesh ti ń gbé àdúgbò yìí tipẹ́, wọ́n ní ilé ìtajà, ilé ìgẹrun àti ibi ìjẹun. Bí ẹ bá kí wọn, wọn á dáhùn, wọn á sì júwe ọ̀nà fún yín ju fóònù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Àwọn kan ń wá ìwé ìgbélùú, òmíràn kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìsí wàhálà.

Ohun tí ẹ ó jẹ: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *panelle*. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní *ceci* ni wọ́n fi omi rò, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì dín, kí wọ́n tó kì í bọ inú búrẹ́dì. Ẹni tó mọ adùn àkàrà inú búrẹ́dì ti mọ̀ ọ́n kó tó tọ́ ọ wò. *Arancina* ni ìrẹsì tí wọ́n rọ bọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi ẹran tàbí wàràkàṣì sínú, tí wọ́n sì dín. Ẹ pè é ní *arancina* o, torí àwọn ará Catania ń pè é ní *arancino*, àwọn ará Palermo kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ. *Stigghiola* ni ìfun àgùntàn tí wọ́n wé mọ́ àlùbọ́sà eléwé, tí wọ́n sì yan lórí ẹyin iná. Èéfín rẹ̀ á ti pè yín kí ẹ tó rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn orísìí ẹran inú, kí ó wá *pani ca meusa*, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn nǹkan inú màlúù mìíràn sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti sè é tí wọ́n sì gbé e yí nínú ọ̀rá. Ibi tí èrò ìlú bá ti tò sí ni kí ẹ ti rà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yó, ẹ wo àwọn ògiri ilé àdúgbò náà. Àwòrán ńlá kan wà tó jẹ́ ti ọkùnrin dúdú nínú aṣọ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ Francis Mímọ́. San Benedetto il Moro nìyẹn, ẹni tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. San Fratello, ní apá ìlà oòrùn Sísílì, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1526. Kò mọ̀wé kà. Ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Santa Maria di Gesù, lẹ́yìn Palermo. Síbẹ̀ lọ́dún 1578, àwọn arákùnrin rẹ̀ tó mọ̀wé mú un ṣe olórí ilé náà, nígbà tí sáà rẹ̀ sì parí, ó padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó kú ní 1589. Ọdún 1807 ni Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dúró de Póòpù. Òkìkí rẹ̀ ti sọdá òkun kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí. Ní Brazil, São Benedito ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì gbilẹ̀ níbẹ̀ láyé òwò ẹrú, títí kan Bahia tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn èèyàn wa lọ. Àwọn alásè ibẹ̀ ṣì ń gbé ère rẹ̀ sí ilé ìdáná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oríta mẹ́rin àti omi ìtìjú

Láti Ballarò, ẹ gba Via Maqueda sọ́wọ́ òsì títí ẹ ó fi dé ibi tó ti gé Cassaro kọjá. Orúkọ ibẹ̀ ni Quattro Canti, igun mẹ́rin. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ. Igun kọ̀ọ̀kan ní ojú ilé tó tẹ̀ wọnú: omi àti àkókò ọdún nísàlẹ̀, ọba Sípéènì kan láàárín, obìnrin mímọ́ kan lókè. Oòrùn máa ń tàn sí igun kan tẹ̀ lé òmíràn bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ dúró ní àárín gan-an, kí ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Fontana Pretoria wà. Florence ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ fún ọgbà ọlọ́lá kan, láti 1554. Ìgbìmọ̀ ìlú Palermo rà á ní 1573, wọ́n tú u sí ègé 644, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Ilé ni wọ́n wó kí wọ́n tó rí ààyè tò ó sí. Nítorí ìhòòhò àwọn ère rẹ̀, níwájú ilé àwọn sísítà Santa Caterina, wọ́n sọ gbàgede náà ní gbàgede ìtìjú. Ilé àwọn sísítà yẹn ti ṣí sílẹ̀ fún àlejò báyìí. Ẹ wọ ọgbà inú rẹ̀, kí ẹ ra àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń ṣe láti inú ìlànà àwọn sísítà àtijọ́, kí ẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Àkókò ìsinmi ọ̀sán nìyí, ẹ lò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀gágun tó dọ̀bálẹ̀

Lẹ́yìn Santa Caterina ni gbàgede Piazza Bellini, ṣọ́ọ̀ṣì méjì sì dúró ti ara wọn níbẹ̀. Èyí tó ní òrùlé pupa mẹ́ta rìbìtì, bí igbá tí a dà délẹ̀, ni San Cataldo. Ẹ lè wò ó láti ìta. Òkúta lásán ló kù nínú rẹ̀, àwọ̀ pupa orí rẹ̀ sì jẹ́ ti àtúnṣe ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Èkejì ni La Martorana. George ará Antioch ló kọ́ ọ ní 1143, olórí ọmọ ogun ojú omi Roger Kejì. Kristẹni tó gbọ́ èdè Gíríìkì àti Lárúbáwá ni, ó ti sin àwọn ọba Mùsùlùmí ní Mahdia, ní ilẹ̀ Tùnísíà, kó tó wá sí Palermo. Oyè rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ *amir* wá. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di *admiral*, láti Sísílì ló sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ẹ bá wọlé, mòsáíkì méjì ni kí ẹ wá, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ní apá méjèèjì. Nínú àkọ́kọ́, Jésù ń fi adé lé Ọba Roger lórí, ojú àwọn méjèèjì sì jọra. Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè orí ọba, *Rex*, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Roger fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ Ọlọ́run lòun ti gba adé, pé Póòpù kọ́ ló fún òun.

Nínú èkejì, George fúnra rẹ̀ wà níwájú Màríà. Ẹ wo bó ṣe wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Kò kúnlẹ̀ bí àwọn ọlọ́lá inú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀, aṣọ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí igbá ahun. Ọ̀gágun tí gbogbo etí òkun Tùnísíà ń bẹ̀rù nìyẹn o. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé ilẹ̀ ni ọmọkùnrin fi ń kí àgbà yóò mọ ohun tó ń sọ.

Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà wá láti ara ilé àwọn sísítà kan nítòsí tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Eloisa Martorana dá sílẹ̀. Àwọn sísítà ibẹ̀ ló gbajúmọ̀ fún *frutta martorana*, ìyẹ̀fun álímọ́ńdì aládùn tí wọ́n mọ bí èso gidi. Ọmọdé tí ẹ bá mú un lọ fún nílé kò ní fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹwà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Vucciria, Falcone, àti àwòrán tí wọ́n jí

Ẹ padà sí Cassaro, kí ẹ máa sọ̀ sọ́nà òkun, kí ẹ kọjá Via Roma. Lọ́wọ́ òsì ni Vucciria, ọjà tí orúkọ rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ Faransé fún ilé ẹran wá. Àwọn ará Palermo máa ń sọ pé ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ “nígbà tí òkúta Vucciria bá gbẹ”, ìyẹn ni pé kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé, torí omi ẹja kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Ọjà náà ti dínkù gan-an báyìí. Alẹ́ ló ń kún, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń kún un.

Nítòsí ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì San Domenico, níbi tí ibojì Giovanni Falcone wà láti 2015. Àwọn èèyàn máa ń fi ìwé pélébé síbẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Lápá kejì Cassaro, nínú Via Immacolatella, ni ilé àdúrà kékeré San Lorenzo. Giacomo Serpotta fi àpòpọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní *stucco*, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ṣe àwọn ọmọdé tó ń ṣeré káàkiri ògiri, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ṣùgbọ́n lórí pẹpẹ, ẹ̀dà ni ẹ ń wò. Àwòrán Ìbí Jésù tí Caravaggio yà ló wà níbẹ̀ títí di Oṣù Kẹwàá 1969, tí àwọn olè wọlé lóru tí wọ́n sì gé e kúrò nínú férémù. Wọn kò tíì rí i.

Ìgbésẹ̀ keje: igi, ẹ̀wọ̀n, òkun

Cassaro yóò gbé yín dé Piazza Marina. Ẹ wọ ọgbà àárín rẹ̀, Giardino Garibaldi, kí ẹ lọ sábẹ́ igi ńlá ibẹ̀. *Ficus macrophylla* ni, láti Australia, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbìn ín. Ìbátan igi ọdán wa ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ẹ̀ka sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì ń di òpó, títí igi kan fi dà bí odindi agbo ilé. Àwọn àgbààgbà a máa jókòó sí ìbòji rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n.

Ilé ńlá onígun mẹ́rin tó wà létí gbàgede náà ni Palazzo Steri. Ìdílé Chiaramonte bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1307. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di 1782, ilé ẹjọ́ Inquisition, tó ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì, ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àdámọ̀ kàn mọ́ ẹ̀wọ̀n ibẹ̀. Ara ògiri ẹ̀wọ̀n náà kún fún àwòrán àti ewì tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ohun tí ọwọ́ wọn bá bà kọ: àwọn ẹni mímọ́, ọkọ̀ ojú omi, máàpù Sísílì. Ní 1906 ni onímọ̀ Giuseppe Pitrè rí wọn lábẹ́ ọ̀dà. Àfi kí ẹ bá ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wọlé. Bí àkókò bá ku fún ibì kan ṣoṣo nírọ̀lẹ́ yìí, ibí yìí ni kí ẹ yàn. Ìlú tó fi òpó Kùránì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà ló tún kọ́ iyàrá wọ̀nyí, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí méjèèjì.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀ ni Porta Felice, ẹnubodè ojú òkun. Òpó ńlá méjì ni, kò sì ní òrùlé láàárín. Wọ́n ní nítorí kí ọkọ̀ gíga Santa Rosalia lè kọjá ni, ẹni tí wọ́n gbà pé ó gba ìlú lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1624. Gbogbo alẹ́ 14 Oṣù Keje ni wọ́n máa ń fa ọkọ̀ náà láti òkè Cassaro wá sí etí omi, ọ̀nà tí ẹ̀yin náà gbà lónìí. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì wó apá kan ẹnubodè náà, wọ́n sì tún un ṣe.

Ẹ kọjá láàárín òpó méjèèjì. Pápá koríko Foro Italico ló wà níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ òkun. Àwọn ìdílé á ti jáde wá, bọ́ọ̀lù ń lọ, *granita*, yìnyín aládùn, wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá yà sọ́wọ́ òsì, ẹ ó dé La Cala, èbúté àtijọ́ tó mú kí àwọn Gíríìkì pe ìlú náà ní Panormos, ibi tó jẹ́ èbúté látòkè délẹ̀. Òkè tó ga lẹ́yìn èbúté ni Monte Pellegrino, níbi tí wọ́n ti rí egungun Rosalia.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì

Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Monreale, kàtídírà tí mòsáíkì rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èyí tí ẹ rí lọ. Ààfin Zisa sì wà tí ẹsẹ̀ yín lè gbé yín dé. Òkúta ibojì kan láti 1149 wà níbẹ̀ tí àlùfáà kan ṣe fún ìyá rẹ̀ Anna, Látìn, Gíríìkì, Lárúbáwá, àti Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù kọ ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ náà fẹ́ kí gbogbo ará ìlú lè ka orúkọ ìyá òun.

Ṣùgbọ́n èmi, Santa Maria di Gesù ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n lọ, ní ẹsẹ̀ òkè Monte Grifone, níbi tí Benedict ti dáná. Bọ́ọ̀sì tàbí takisí ni kí ẹ wọ̀, ó jìnnà. Iná ìgbẹ́ Oṣù Keje 2023 jó ṣọ́ọ̀ṣì náà gidigidi, ó sì kan òkú ẹni mímọ́ náà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ béèrè ní ìlú bóyá ó ṣí kí ẹ tó gbéra. Bí kò bá tilẹ̀ ṣí, ẹ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà.